Ìkànnì Ọmọdé Tí Kì Í Polówó Ọjà

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kò sí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n ọmọdé tó lè dúró láìpolówó ọjà. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oṣù mẹ́ta ni mo fi bá ọmọ mi wẹ ọmọ tuntun ní Jámánì. KiKA, ìkànnì ọmọdé kan níbẹ̀, ni ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́rin, máa ń wò, mi ò sì rí i kí wọ́n polówó bisikíìtì tàbí ọmọlángidi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

ARD àti ZDF, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n aráàlú méjèèjì, ló jọ dá a sílẹ̀ nílùú Erfurt, lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1997. Owó tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, Yúrò 18.36 lóṣooṣù, ló ń bọ́ ọ. Inú àwọn tó ń fi ìpolówó jẹun kò dùn sí i. Nickelodeon ti Jámánì, ìkànnì ọmọdé aládàáni kan, kógbá sílé ní 1998, àwọn onítẹlifíṣọ̀n aládàáni sì gbé ẹjọ́ KiKA dé ọ̀dọ̀ Àjọ Yúróòpù. Ní 1999, àjọ náà ní kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Sandmännchen, ètò kúkúrú tí KiKA fi ń sin àwọn ọmọdé lọ sùn, gan-an ló wọ̀ mí lọ́kàn. Tó bá ti ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méje alẹ́ lù, ọmọ yẹn á ti wọ́ ìrọ̀rí rẹ̀ wá síwájú tẹlifíṣọ̀n. Bàbá kékeré onírùngbọ̀n funfun, tó dé fìlà ṣóńṣó, á yọ: lónìí nínú ọkọ̀ ojú irin, lọ́la nínú hẹlikópítà. Á fi fíìmù kúkúrú kan hàn wọ́n, á bu yanrìn oorun nínú àpò, á fọ́n ọn. Ọmọ á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú. "Ìyá àgbà, ó ti kó sí mi lójú o!" Ó di orí ibùsùn. Kò sí ẹkún, kò sí ìjà.

Nígbà tí Jámánì ṣì pín sí méjì, Ìlà Oòrùn Jámánì ló kọ́kọ́ gbé Bàbá Oníyanrìn yìí jáde, lọ́jọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1959. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni Ìwọ̀ Oòrùn gbé tiwọn dé. Ní 1978, Sigmund Jähn, ará Jámánì àkọ́kọ́ tó lọ sí òfuurufú, gbé ọmọlángidi Bàbá Oníyanrìn ti Ìlà Oòrùn dání lọ. Nígbà tí Jámánì méjèèjì di ọ̀kan, tí wọ́n ti tẹlifíṣọ̀n Ìlà Oòrùn pa, àwọn òbí fárígá pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ti Ìlà Oòrùn ló ṣẹ́ kù dòní, òun náà ló ń sin ọmọ-ọmọ mi lọ sùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn lè rí i.

Ìyá àgbà kan,
Abẹ́òkúta