"Sorry" kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ní gbogbo ìgbà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló mú wa kọ lẹ́tà yìí: "sorry". Ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ yọ nínú ìròyìn, "tọrọ àforíjì" ni àwọn tó ń tú u sí Yorùbá sábà máa ń kọ. Ẹnì kan lọ kí olóòkú, ó ní "I am sorry for your loss". Tó bá dé orí ìwé ìròyìn, ó di pé ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí nítorí ẹni wọn tó kú. Ẹni tó kà á á ní, àṣé òun ló pa á! Bẹ́ẹ̀ ohun tí ọkùnrin náà sọ kò ju "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" lọ.

Ìrora ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ní England kí ọdún 1066 tó dé, "sār" ni wọ́n ń pe ìrora àti egbò. Òun ló di "sore" lónìí. Ẹni tí ìrora tàbí ìbànújẹ́ bá ni wọ́n ń pè ní "sārig", ibẹ̀ sì ni "sorry" ti wá. Ọ̀pọ̀ rò pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti "sorrow". Rárá o, "sorg" ni ìyẹn ti wá. Ìró àti ìtumọ̀ tó jọra ló jẹ́ kí wọ́n máa fara wé ara wọn. Pé kéèyàn kàn la ẹnu, kó ní "Sorry!", kó fi bẹ̀bẹ̀ kó sì máa lọ, àwọn ọdún 1800 ni èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé "sorry" ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí "sorry for" bá wà, tí orúkọ èèyàn tẹ̀ lé e, àánú ni: "àánú rẹ̀ ṣe mí". Bó bá jẹ́ ìwà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ hù fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ẹ̀bẹ̀ nìyẹn: "ẹ má bínú", "ẹ foríjì mí". "Sorry to say" ni "ó ṣeni láàánú pé". "Sorry?" tí wọ́n fi ohùn ìbéèrè sọ kò ju "ẹ ní kí ni?" lọ.

Èyí tó léwu jù ni ti àwọn olóṣèlú: "I am sorry if anyone was offended." Ẹni tó sọ èyí kò gbà pé òun ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí ìwé ìròyìn bá wá kọ ọ́ pé ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀, a ti bá a jẹ́wọ́ ohun tí kò jẹ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ pé: "Ó ní bí ọ̀rọ̀ òun bá ká ẹnikẹ́ni lára, ó dun òun." Ẹ má yọ "bí" yẹn kúrò, ibẹ̀ ló sá sí. Òfin pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìjẹ́wọ́: Compensation Act ti 2006 ní England àti Wales sọ pé títọrọ àforíjì nìkan kò túmọ̀ sí pé èèyàn gbà pé òun jẹ̀bi àìbìkítà.

Ẹ wá wo bí àwa náà ṣe ń lò ó. Ife bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹni tó jókòó sí ìkángun yàrá kejì á ti pariwo "Sorry o!" Pẹ̀lẹ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn ará Ghana náà ń fi "sorry" rọ́pò "kosɛ" tiwọn, àwọn tó ń sọ Swahili sì ń fi rọ́pò "pole". Àwọn kan ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì jákujàku. Lójú tiwa, ó sún mọ́ "sārig" àtijọ́ ju "Sorry!" àwọn ará London lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún kó ṣọ́ra: bí aláìsàn bá fi ẹsẹ̀ kọ, tí nọ́ọ̀sì sì sọ pé "sorry", aláìsàn náà lè bi í pé kí ló ṣe. "Oh dear, are you all right?" ni wọ́n ń retí níbẹ̀.

Pẹ̀lẹ́ pàápàá kì í dá gbogbo iṣẹ́ ṣe. Bí ẹ bá tẹ àgbàlagbà lẹ́sẹ̀ nínú mọ́tò, "ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má bínú" ni: èkíní fún ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, èkejì fún ẹni tó ni ẹsẹ̀.

Àwa òǹkàwé yín tó ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀,
Ìbàdàn.