Ẹ̀yìn páálí ni òótọ́ wà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lórí bí èèyàn ṣe lè máa ra oúnjẹ tó ṣara lóore, tí kò sì ní ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ló wà níbẹ̀, àmọ́ oníbàárà nìkan lẹ di gbogbo ẹrù náà lé lórí. Ẹ ní ká máa fara balẹ̀ yan ohun tí a fẹ́ rà. Báwo la ṣe fẹ́ yàn án, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó bá ṣáà ti lè tajà ni wọ́n ń kọ síwájú páálí?

Ẹ mú páálí bísíkíìtì ọmọdé kan, kí ẹ wo iwájú rẹ̀. Àwòrán ọkà àti ewé tútù yọ̀yọ̀ lẹ máa rí. Ó yá, ẹ yí i pa dà. Pẹ̀lú lẹ́tà tín-ín-tín, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: ìyẹ̀fun, ṣúgà, òróró, glucose syrup, dextrose. Lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin ní kí èròjà tó bá wúwo jù ṣáájú. Ṣúgà ni glucose syrup, ṣúgà náà ni dextrose. Tí wọ́n bá ti pín in sí orúkọ mẹ́ta báyìí, ìyẹ̀fun á rọ́nà gba ipò kìíní. Wọ́n á tún wá kọ ìwọ̀n ṣúgà tó wà nínú ẹyọ méjì péré, àfi bíi pé ọmọ kan wà láyé tó ń jẹ méjì tó sì ń dákẹ́! Ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún 100 gíráàmù ni kí ẹ máa wò. Òun lẹ lè fi wé ti páálí mìíràn.

Ti iyọ̀ náà ò yàtọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan. Ta ló ń rántí ka ti inú búrẹ́dì mọ́ ọn?

Ní ti ilẹ̀ àti omi, àwọ̀ ewé lásán kì í ṣe ẹ̀rí. Àmì tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ àgbẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un ló lórí. Irú rẹ̀ ni àmì ewé ti Yúróòpù: oúnjẹ tí wọ́n pò pọ̀ nílé iṣẹ́ ò lè gbé e àyàfi tí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún èròjà oko rẹ̀ bá wá láti oko tí kì í lo ajílẹ̀ oníkẹ́míkà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó tàn yín o, bísíkíìtì tó gbé àmì yẹn ṣì lè dùn bí oyin.

Lọ́dún 2016, orílẹ̀-èdè Chile bẹ̀rẹ̀ òfin kan: oúnjẹ inú páálí tí ṣúgà tàbí iyọ̀ tí wọ́n fi sí i bá ti kọjá ààlà gbọ́dọ̀ gbé àmì dúdú onígun mẹ́jọ níwájú gbangba, wọn ò sì gbọ́dọ̀ tà á nílé ẹ̀kọ́. Ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tí èkejì ń fà á láṣọ, ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá awò ojú kó tó rí i. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ bá wa fi kálámù yín bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan