Àlàárì ni kí ọmọ wa wọ̀

Mókọ́lá, Ìbàdàn
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àbẹ̀ní ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Kú ọ̀gìnnìtìn ìlú òyìnbó. Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ọmọ tí a jọ gbé sáré lọ gba abẹ́rẹ́ náà ló ń lọ ilé ọkọ yìí!

O ní ìyá ọkọ, ará Íńdíà, fajú ro nígbà tó gbọ́ pé funfun ni ọmọ wa fẹ́ wọ̀, o sì ń bínú pé wọ́n fẹ́ fi àṣà tiwọn bo tiwa mọ́lẹ̀. Jẹ́ kí n bi ọ́ ná: ìgbà wo ni funfun di àṣà tiwa?

Àwọn òyìnbó pàápàá, aṣọ tó bá dára jù nínú àpótí ni ìyàwó wọn ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, ì báà jẹ́ búlúù. Lọ́dún 1840 ni Ọbabìnrin Victoria wọ funfun fẹ́ Albert, tó fi léèsì Honiton sí i kí iṣẹ́ àwọn aláléèsì ilẹ̀ wọn má baà kú. Àwọn ọlọ́lá wò ó kọ́, ó di tayé, ó sì bá ṣọ́ọ̀ṣì dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ti ìyá ọkọ, má bá a jà. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù, opó ló ń wọ funfun. Pupa ni ti ìyàwó. Bí ẹnì kan bá wọ aṣọ ọ̀fọ̀ wá síbi ìdána, ṣé wàá rẹ́rìn-ín sí i? (Kì í ṣe gbogbo Íńdíà o. Ní Kerala, ìyàwó míì ń wọ funfun tí wọ́n fi òwú wúrà gbá létí. Ìyàwó Japan náà ní kìmónò funfun tirẹ̀.)

Funfun tèmi ńkọ́? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Ẹ̀wù tí a háyà, tí síìpù rẹ̀ já lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí o fi píìnì mẹ́rin gán an pọ̀, tí mi ò lè mí kanlẹ̀ títí àlùfáà fi parí ìwàásù. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gba ẹ̀wù wọn, wọ́n tún gba owó síìpù lé e. Fọ́tò ló kù.

Sányán, aṣọ òkè ìyá mi, ńkọ́? Mo tú u jáde lánàá. Òórùn kánfọ̀ gba yàrá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí èèpo ẹ̀pà, ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn lẹ́yìn ẹni. Ojú ibi tí wọ́n ti rán awẹ́ méjì pọ̀ ti tú díẹ̀. Mo jókòó, mo fi ọwọ́ rán an, ó tán.

Ìdí tí mo fi gba Òjé, ọjà aṣọ òkè, lọ nìyẹn, ìtàdógún bọ́ sí i. Oníṣòwò kọ́kọ́ fà èyí tó ń kọ mọ̀nà yọ, òwú rẹ̀ ń ta ní ọwọ́. Mo ní rárá, àlàárì ni mò ń wá. Ó wò mí lókè nílẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ mọ aṣọ,” ó sì bẹ̀rẹ̀, ó fa ọ̀kan yọ nísàlẹ̀ igbá. Àbẹ̀ní, pupa! Bí osùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi pò. Osùn táwọn ìyá wa fi ń kun ìyàwó, làálì ni tàwọn ará Íńdíà.

Pupa tí wọ́n fẹ́ náà nìyẹn, tiwa sì ni. Àbí tiwa kọ́ pátápátá: sílíkì àlàárì àtijọ́, láti Tripoli ní Líbíà ló ti ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé ọwọ́ aláṣọ òkè wa. Àlejò lòun náà. Má sọ ìyẹn fún ìyá ọkọ o, jẹ́ kí ó kọ́kọ́ yìn ín.

Bí ọmọ bá ṣì fẹ́ funfun, kí ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ alárédè. Àlàárì ni ti ìdána.

Mo ti san àsansílẹ̀: ìró, bùbá, gèlè, ìpèlé. Fi okùn wọn orí ọkọ ìyàwó fún fìlà, torí o ní orí rẹ̀ tóbi. Kí o sì bi ìyá rẹ̀ bóyá yóò gbà kí n ra gèlè kan kún un fún òun. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo ní kí ọjà tó tún pé.

Èmi ni,
Àjọkẹ́