Omijé Ọmọ Inú Àwòrán

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ilé ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé ọwọ́ mi, mo kàn ń sọ pé lọ́la ni n óò fèsì, lọ́la kò sì tán. Má bínú. Kàtúùnù kan ni kò jẹ́ kí n gbádùn ara mi.

Àjọ aláàánú kan ló gbé e wá: ìṣẹ́jú kan àbọ̀, lórí àwọn ọmọdé tí àìsàn dá dúró sí ilé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìtàn ti wà nílẹ̀, a ti gba ohùn ọmọ tó ń sọ ọ́ sílẹ̀ pàápàá. Ó ku irú àwòrán tí a óò fi ṣe é. Mo rò pé ìyẹn ni yóò rọrùn jù, àṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a ó fi fà á.

3D, àwòrán kọ̀ǹpútà tó dà bí ohun tó ṣeé dì mú, ni àjọ náà fẹ́, kó máa dán gbinrin. 3D olówó ńlá dára o, ṣùgbọ́n èyí tí owó rẹ̀ kò tó, ojú ọmọ inú rẹ̀ á dà bíi ti ọmọláńgidi tó jí lóru. Àwọ̀ olómi, tí a ń fi ọwọ́ kùn sórí bébà, ni ọkàn tèmi lọ sí. Mo wá jókòó ṣírò rẹ̀. Àwòrán 24 ni fíìmù ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá tilẹ̀ fi ẹyọ kan dúró fún méjì, bí àwa oníkàtúùnù ṣe máa ń ṣe, 1,080 ni a óò yà kí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ tó pé. Àwa méjì péré! Àwọ̀ olómi kì í sì í jọra lẹ́ẹ̀mejì: bí o bá tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, ara ọmọ náà á máa hó bí omi orí iná. Ìyẹn dùn ún wò lára òjò. Lára ọmọ tó ń ṣàìsàn, ẹ̀rù ló ń bani.

Omijé ló dájà sílẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń wá owó fún àjọ náà ní kí ọmọ náà máa sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àánú lè ṣe ẹni tó ń wò ó. Mo ní ọmọ yìí kò sunkún nínú ohùn rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín níbi tó ti ń sọ bí òun ṣe máa ń ka ihò ara àjà yàrá títí oorun fi máa gbé òun lọ. Wọ́n ní omijé ló ń mówó wá. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà á wo fíìmù yìí lọ́jọ́ kan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà á sì wò ó.

Ni mo bá ya oríṣi mẹ́ta sórí páálí, mo kó wọn lọ síwájú àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mẹ́fà. Mi ò sọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin kan fi ìka tẹ omijé ojú ọmọ inú àwòrán, ó ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò bá a nù ún?" Mi ò rí èsì fún un. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ nu páálí náà, ó sì kọjá sí èyí tó kàn.

Èyí tó kọjá sí yẹn ni a mú: bébà gígé, tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ di òjìji. Àlùmọ́gàjí ni mo fi ń gé e, orí lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀, wáyà tín-ín-rín ní oríkèé, tí a ń sún un díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ kámẹ́rà. Lotte Reiniger, obìnrin ará Jámánì, fi irú òjìji bẹ́ẹ̀ ṣe odindi fíìmù tó jáde ní 1926. Ojú àti imú kò hàn, síbẹ̀ bí ẹnì kan bá ń bínú, o ó mọ̀ ọ́n láti ara ọrùn rẹ̀. Inú ìyá ọmọ wa náà dùn sí i, nítorí kò fẹ́ kí ayé dá ọmọ òun mọ̀.

Kò ṣàì ní wàhálà tirẹ̀. Òjìji gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa. Bó bá kọjú sí wa, òkìtì lásán ni. Dúdú sì ń ṣe àwọn òbí bí ọ̀fọ̀, la bá pa á dà sí àwọ̀ aró, a fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ òféèfèé sẹ́yìn rẹ̀, kí iná lè yọ láti ibẹ̀. Iná ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn nìkan ni mo kọ̀ kó máa ṣẹ́jú kíákíá. Bó bá ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè gbé wárápá dìde lára ọmọ tó ń wò ó.

Àná la ya ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin àkọ́kọ́. Wáyà ìgbọ̀nwọ́ já lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi àlùmọ́gàjí gé àtàǹpàkò ara mi díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìwé mi fi rí wúruwùru.

Àwòrán méjì wà nínú àpòòwé yìí. Ọ̀kan ní ẹnu, èkejì kò ní. Má bi mí léèrè èwo ni tèmi. Fi wọ́n han ọmọ rẹ, má sọ nǹkan kan fún un, kí o wá kọ ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ.