Àbẹ̀kẹ́ mi, ọ̀rọ̀ Dámilọ́lá ni

Lomé

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Màmá ti ń rìn láìlo ọ̀pá, a sì ti kan òrùlé ṣọ́ọ̀bù tán. Ọ̀rọ̀ Dámi ọmọ mi ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ó ti pé ọdún 16, bọ́ọ̀lù sì ti gbà á lọ́kàn pátápátá. Lálaalẹ́ ni yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha yanrìn kúrò lábẹ́ bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ọ̀kan ti yanu, okùn àwọ̀n ẹja ló fi rán an. Fọ́tò Ṣèyí Adebayor, agbábọ́ọ̀lù Tógò wa, ló lẹ̀ mọ́ ògiri. O rántí 2006, tí Tógò lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Jámánì, tí èmi àtìẹ kígbe títí ohùn wa fi há? Góòlù 11 ni Ṣèyí gbá sáwọ̀n kí a tó débẹ̀. Wọ́n nà wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́hùn-ún, síbẹ̀ a jó. Wọn kò tíì bí Dámi nígbà náà, àmọ́ bí oríkì ló ń kà á: Metz, Monaco, Arsenal, góòlù líìgì 24 ní sáà 2007 sí 2008, agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní 2008, Manchester City, Real Madrid, Tottenham.

Kì í ka Cabinda mọ́ ọn. Àbẹ̀kẹ́, January 2010 yẹn, tí àwọn agbébọn yìnbọn sí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ wa ní Àǹgólà! Igbákejì kóòṣì kú, agbẹnusọ ikọ̀ kú, Obilalé tó ń ṣọ́lé kò sì rí bọ́ọ̀lù gbá bí iṣẹ́ mọ́. Kì í ka 2015 náà, tí Adebayor fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìjà owó àárín òun àti ẹbí rẹ̀ sórí Facebook. Mo kà á, omi bọ́ lójú mi. Dámi kò tíì gba kọ́bọ̀ lórí bọ́ọ̀lù, àbúrò bàbá rẹ̀ ti ń bá a sọ̀rọ̀ ilé tó máa kọ́ fún òun.

Ọkùnrin kan ti wá bá wa báyìí. Ó ní òun máa mú un lọ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Faransé, kí a wá séfà 800,000 fún ìwé. Bàbá Dámi ti fẹ́ ta ilẹ̀. Kóòṣì wọn lórí pápá sọ fún mi pé òfin FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi níwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀ tí kò kan tiwa. Mo sọ ọ́ fún ọkùnrin náà, ó ní ṣé Adebayor kò kéré nígbà tó lọ sí Metz ni. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ yẹn bá fẹ́ ọmọ mi lóòótọ́, kí ló dé tó jẹ́ èmi ni mo ń sanwó?

Jọ̀ọ́, ìwọ tí o wà ní Faransé, mo kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà sẹ́yìn ìwé yìí. Bá mi pè wọ́n, bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ọkùnrin náà. Kí o sì bá Dámi sọ̀rọ̀. Tèmi kò wọ̀ ọ́ létí mọ́, ó rò pé mi ò fẹ́ kó lọ. Mo fẹ́ kó lọ, Àbẹ̀kẹ́. Mo ti rí i lórí pápá, ọmọ náà mọ̀ ọ́n gbá.

Ìparí oṣù yìí ni ọkùnrin náà ń retí owó. Pè mí kó tó dìgbà yẹn.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Dámi