Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi nípa aṣòfin tí wọ́n dìbò yàn lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó jókòó

Atlanta, Georgia

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn púpọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, pàápàá jù lọ ibi tí o ti kọ nípa ọmọkùnrin tí o kọ́ níwèé, èyí tí ó ń múra láti díje fún ipò aṣòfin ìpínlẹ̀. O ní àwọn àgbà àdúgbò ń bi í léèrè pé kí ni ọmọ ọdún 25 mọ̀ nípa òfin ṣíṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni láti ọdún 2018 ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti gba ọmọ ọdún 25 láyè láti dé irú ipò bẹ́ẹ̀. O wá ní kí n sọ tèmi sí i. Ọ̀rọ̀ náà mú mi rántí Julian Bond, tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún 25 nígbà tí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Atlanta níbí dìbò yàn án sí ilé aṣòfin Georgia, tí àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ ṣòfin sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Jẹ́ kí n rọra rò ó fún ọ, nítorí mi ò rí ẹlòmíràn tí ìgbésí ayé rẹ̀ dá àwọn àgbà yẹn lóhùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 1940 ni wọ́n bí i ní Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Ìdílé tí ó mọ iyì ìwé ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ìwé náà kò bá wọn láti ọ̀run wá. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ sí, ní Kentucky, ní ọdún 1863. James Bond ni orúkọ rẹ̀. Julian a máa sọ ọ́ fún àwọn èrò pé nígbà tí bàbá àgbà yìí di ọmọ ọdún 15, tí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ, mọ̀ ọ́n kà, ó fi okùn so ọ̀dọ́ akọ màlúù kan, ó sì fi ẹsẹ̀ rin ìrìn àjò la Kentucky já títí ó fi dé Berea College, nítorí màlúù yẹn ni gbogbo owó ilé ìwé tí ó ní. Ilé ìwé gba màlúù, wọ́n sì gba ọmọ. Ọmọ tí ọkùnrin yìí bí, Horace Mann Bond, ni ó wá di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ ọ̀gá àgbà Lincoln University ní Pennsylvania ní ọdún 1945, ilé ìwé kan náà tí Nnamdi Azikiwe tiwa àti Kwame Nkrumah ti Ghana ti kàwé ṣáájú ìgbà yẹn. Olùtọ́jú ilé ìkàwé ni ìyá rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọmọ ìgboro tí kò mọ ibi tí ó ń lọ ni Julian, irọ́ ni.

Ní ọdún 1957 ó wọ Morehouse College ní Atlanta. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí o sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960, Julian jókòó sínú ilé ìtajà oògùn tí ó wà nítòsí ilé ìwé wọn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń pàdé mu kọfí, nígbà tí Lonnie King, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ìwé ìròyìn kan síwájú rẹ̀. Ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní ìlú Greensboro, ní North Carolina, ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n lọ jókòó sí ibi ìjẹun àwọn aláwọ̀ funfun, tí wọ́n sì kọ̀ láti dìde. King bi í bóyá kò rò pé ó yẹ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Atlanta. Julian dáhùn pé ó dá òun lójú pé ẹnìkan yóò ṣe é. King sì bi í pé kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ àwọn gan-an. Wọ́n pín ilé ìtajà náà sí méjì, èkíní gba apá kan, èkejì gba apá kejì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ. Kí oṣù Kẹta ọdún yẹn tó parí, ọlọ́pàá ti mú Julian ní ilé oúnjẹ tí ó wà nínú gbọ̀ngàn ìlú Atlanta. Ní oṣù Kẹrin, ó wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí SNCC sílẹ̀. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà, òun ni ó ń kọ ìròyìn ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn. Ọdún 1971 ni ó tó padà gba oyè tí ó fi sílẹ̀.

Báwo ni ó ṣe wá dé orí ọ̀rọ̀ ìdìbò? Ní ayé ìgbà náà, aṣòfin 205 ni ó wà ní ilé aṣojú Georgia, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye ènìyàn ni wọ́n fi pín àyè wọn. Káúńtì mẹ́jọ tí ó tóbi jù lọ ní aṣòfin mẹ́ta mẹ́ta, ọgbọ̀n tí ó tẹ̀lé wọn ní méjì méjì, gbogbo àwọn yòókù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kí ènìyàn inú wọn kéré tó. Ìwọ náà rò ó wò: káúńtì abúlé tí ènìyàn rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ ní ìdá kan nínú mẹ́ta agbára Atlanta àti agbègbè rẹ̀! Ọdọọdún ni wọ́n fi ètò yìí pa ohùn àwọn ará ìlú ńlá mọ́ wọn lẹ́nu, tí àwọn aláwọ̀ dúdú inú wọn sì pọ̀. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó fọ́ ọ, tí ó pàṣẹ pé kí wọ́n tún àwọn àyè náà pín gẹ́gẹ́ bí iye ènìyàn ṣe tó. Inú ìpín tuntun náà ni Ẹkùn Ìdìbò 136 ti jáde. Òǹdìbò bí 6,500 ni ó wà níbẹ̀, bí 6,000 nínú wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Ọmọkùnrin tí kì í pariwo ni Julian, kò sì ní owó. Ojúlé dé ojúlé ni ó ń lọ, kò kọ́kọ́ sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ó ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí aṣòfin wọn ṣe. Wọ́n sọ fún un. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ tí kò tó jẹun ni ó pọ̀ jù lọ lẹ́nu wọn, òun náà sì sọ ọ́ di ohun tí ó ń polongo. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1965, ó ní ìbò 2,320, alátakò rẹ̀ ní 487. Aláwọ̀ dúdú mẹ́jọ ni ó wọlé sí ilé aṣojú nínú ìdìbò yẹn.

Kò tíì jókòó tí ìjà fi dé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1966, wọ́n yìnbọn pa Sammy Younge, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ṣiṣẹ́ ológun orí omi rí, ní Tuskegee, nítorí pé ó fẹ́ lo ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n ní ti aláwọ̀ funfun nìkan ni. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, SNCC gbé ìkéde jáde pé àwọn kò fara mọ́ ogun Vietnam. Oníròyìn kan fóònù Julian, ó bi í bóyá ó fara mọ́ ìkéde náà, ó sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Aṣòfin 75 fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ó wọlé.

Bí mo bá ń kọjá níwájú ilé aṣòfin náà, tí òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀, tí wọ́n fi wúrà bò, ọjọ́ 10 oṣù Kìíní yẹn ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí ó tó àsìkò ìbúra, akọ̀wé ilé ní kí Julian bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Àwọn yòókù dìde, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n búra. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà: gbogbo wọn ló dúró, òun nìkan ló jókòó sórí àga rẹ̀ láàárín wọn. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó sọ fún wọn pé òun ṣe tán láti búra, pé òun kò sun ìwé ìpè sí iṣẹ́ ológun tí ó jẹ́ ti òun, bí àwọn kan ti ń ṣe láti fi kọ ogun náà, òun kò sì ní kí ẹnikẹ́ni sun tirẹ̀. Etí dídi ni wọ́n kọ sí i. Ìbò 184 lé e jáde, 12 péré ni ó gbè é.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ó fà mí mọ́ra jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ tí Julian pé ọmọ ọdún 26, Martin Luther King, tí òun náà ń gbé ní ẹkùn yẹn, kó èrò lẹ́yìn lọ sí ilé aṣòfin náà. King bá a lọ sí ilé ẹjọ́ pẹ̀lú, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí gbajúmọ̀, bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí òǹdìbò tí wọ́n gba aṣojú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejì, wọ́n ṣe ìdìbò láti rí ẹni tí yóò dípò Julian. Àwọn ará Ẹkùn 136 tún dìbò yan Julian. Ìgbìmọ̀ ilé ní kí ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ó kọ̀, wọn kò sì gbà á. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n tún un yàn lẹ́ẹ̀kẹta. Mo bẹ̀ ọ́, fi ojú inú wo àwọn òǹdìbò wọ̀nyí: àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ìyá ọlọ́mọ, tí wọ́n tò sórí ìlà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan ààbọ̀ nítorí àyè kan ṣoṣo. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n ń tún dárúkọ.

Àwọn adájọ́ mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní Georgia dá ilé aṣòfin láre, méjì sí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1966, gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fi ohùn ṣọ̀kan, Earl Warren tí ó jẹ́ olórí wọn sì kọ ìdájọ́ náà. Ó ní kò sí nínú agbára àwọn aṣòfin tí wọ́n pọ̀ jù láti máa fi ìbúra dán ọkàn ẹlẹgbẹ́ wọn wò, àti pé ó tọ́ kí aṣòfin ní àyè tó gbòòrò láti sọ èrò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìlú, kí àwọn tí ó rán an lè mọ ibi tí ó dúró sí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1967, Julian Bond búra.

Mo lè sáré sọ ìyókù. Ní ọdún 1968, ní àpéjọ ẹgbẹ́ Democrat ní Chicago, wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ipò igbákejì ààrẹ, ó sì ní kí wọ́n yọ òun kúrò, nítorí ọmọ ọdún 28 ni, òfin sì béèrè 35. Ó wà ní ilé aṣojú títí di ọdún 1975, ó bọ́ sí ilé àgbà ìpínlẹ̀ náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1987. Lára òfin tí ó bá wọn ṣe ni ètò àyẹ̀wò àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí èmi àti ìwọ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí fún ìyá tí ó bí ọmọ.

Mi ò ní fi ibi tí ó ti ṣubú pa mọ́ fún ọ. Ó ti jà fitafita kí wọ́n tó ya ẹkùn ìdìbò sí Kóńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní Atlanta lọ́nà tí àwọn aláwọ̀ dúdú yóò fi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọdún 1986, ó jáde fún àyè yẹn gan-an, John Lewis, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà SNCC, náà sì jáde. Ní ìdìbò abẹ́lé àkọ́kọ́, Julian ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún, Lewis ní 35. Ṣùgbọ́n kò tó ìdajì, wọ́n sì ní láti tún un dì. Lewis ń sọ fún àwọn òǹdìbò pé ẹṣin tí ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n rán lọ, kì í ṣe ẹṣin ìran wíwò. Ó tún pe Julian níjà pé kí àwọn méjèèjì ṣe àyẹ̀wò oògùn olóró, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn mí títí di òní, nítorí ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Lewis borí, ìdá 52 sí 48. Julian lọ di olùkọ́ ní yunifásítì, ó sì ṣe alága NAACP, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, láti 1998 sí 2010. Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2015, ní ẹni ọdún 75.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní òkìkí ló bà á jẹ́ ní 1986. Èrò tèmi ni pé Julian Bond ti ọdún 1965, tí ń kan ilẹ̀kùn tí ó sì ń bi àwọn onílé léèrè ohun tí wọ́n fẹ́, nìkan ni ó lè na Julian Bond ti 1986, ẹni tí gbogbo ìlú ti mọ̀. Lewis ni ó gbé ìwà ọmọkùnrin yẹn wọ̀ lọ́dún náà.

Bá mi kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ. Má tíì bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó fẹ́ wọ̀. Bi í léèrè ojúlé mélòó ni ó ti dé ní ẹkùn tí ó fẹ́ ṣojú fún, àti ohun tí wọ́n sọ fún un níbẹ̀, kí o sì kọ ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.