Ẹ Jẹ́ Kí Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kan Tíọ́rì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síta, lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní tíọ́rì fíṣíìsì, nítorí ó ń dùn mí gan-an.

Olùkọ́ fíṣíìsì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń wá ṣe TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, lọ́dọ̀ wa. Ọmọ dáadáa ni wọ́n, wọ́n sì kàwé. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi wọ́n pé bí tírélà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá bá forí sọ ara wọn, èwo ló fi agbára tó pọ̀ jù gbá èkejì, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní tírélà ni. Bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ òfin kẹta ti Newton, pé bí ohun kan bá ti òmíràn, òmíràn á fi agbára kan náà tì í padà, sórí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Dọ́gba-dọ́gba ni agbára méjèèjì. Márúwá kò wúwo ni agbára kan náà ṣe rún un wómúwómú, tí tírélà ò fi bẹ́ẹ̀ mira. Ẹnu wọn mọ òfin, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ ronú, wọn kì í lò ó.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Eric Mazur, ọ̀jọ̀gbọ́n fíṣíìsì ní Harvard l'Amẹ́ríkà, rí i lára àwọn ọmọ tirẹ̀ náà. Wọ́n ń yin iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ń yege, títí tó fi gbé irú ìbéèrè báyìí fún wọn. Ọ̀kan bi í léèrè bóyá kí òun dáhùn bó ṣe kọ́ wọn ni, tàbí bí òun alára ṣe máa ń rò ó. Láti 1991 ló ti yí ọwọ́ padà: á béèrè ìbéèrè, oníkálùkù á mú ìdáhùn kan, wọ́n á yíjú sí ẹni tó jókòó tì wọ́n kí wọ́n jọ jiyàn lé e lórí, lẹ́yìn náà wọ́n á tún mú ìdáhùn.

Àwọn kan á ní ṣebí àwọn ọmọ wa ń ṣe práktíkà ní lábù. Kì í ṣe ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Nínú práktíkà tí mo mọ̀, wọ́n ti kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, ó ti mọ èsì kó tó dé ibẹ̀, àwọn mìíràn sì ń da èsì àwọn ẹ̀gbọ́n wọn kọ. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni kí wọ́n jọ fọwọ́ kàn án ní àkókò tíọ́rì gan-an, kí wọ́n tó mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ wo èyí tí mo máa ń ṣe fún àwọn ọmọ TP. Mo mú ìwọ̀n méjì, irú èyí tó ní ìkọ́ tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń wọn ẹrù, mo kọ́ ìkọ́ wọn mọ́ra. Ẹni tó sígbọnlẹ̀ jù di ọ̀kan mú, ẹni tó kéré jù di èkejì. Ẹni ńlá á fà, ẹni kékeré á kàn dúró gbọn-in. Kí ẹnikẹ́ni tó wo nọ́ńbà, mo ní kí wọ́n sọ èyí tó máa pọ̀ jù. Àríyànjiyàn á bẹ́ sílẹ̀, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ara wọn ṣubú. Wọ́n wò ó: nọ́ńbà kan náà. Wọ́n pààrọ̀ ipò, nọ́ńbà kan náà. Ìgbà yẹn ni mo máa ń kọ ìṣirò rẹ̀ sójú pátákó, wọ́n á sì máa bi mí ní ìbéèrè tí wọn ò bi olùkọ́ wọn rí.

Ní 2014, Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ lórí sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìṣirò ní yunifásítì. Níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, nǹkan bíi 34 nínú 100 ló ń fìdí rẹmi. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kópa, nǹkan bíi 22. Àwọn olùkọ́ wa ní láti mọ̀ pé ìkùnsínú á wà láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ o. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 ní Harvard fi hàn pé àwọn tó ṣiṣẹ́ ní kíláàsì mọ̀ jù, síbẹ̀ ó ń ṣe wọ́n bíi pé ohun tí wọ́n kọ́ kéré sí ti àwọn tó kàn jókòó gbọ́ olùkọ́, nítorí pé ó gbà wọ́n lágbára. Kí olùkọ́ má tìtorí ìyẹn padà sẹ́yìn.

Èrò pọ̀ ní kíláàsì, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí a na ọwọ́ mú ìdáhùn kò gba owó. Ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa, gbé jáde ní 2022 sì fi ìdá 30 nínú 100 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò. Mo bẹ àwọn olórí ẹ̀ka, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PHY 101, ẹ̀kọ́ fíṣíìsì ọdún àkọ́kọ́. Ẹ sì yí ìdánwò padà pẹ̀lú: bó bá jẹ́ "kọ òfin yìí sílẹ̀" lẹ ṣì ń béèrè, àkọ́sórí náà ni wọ́n máa tẹra mọ́. Ẹ fi ìdajì máàkì sí ìbéèrè tó ní kí ọmọ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, kó sì sọ ìdí rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ fíṣíìsì kan, Ìbàdàn